Bí Ọdẹ Bá Pariwo Olè: Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Tí Mo Ṣe ní Koumassi

Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń bi mí léèrè pé, "Bàbá àgbà, iṣẹ́ wo ló dára jù?" Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ló máa ń bèèrè rẹ̀ jù, wọ́n á jókòó tì mí bí ẹni pé mo fi ìdáhùn náà pamọ́ sábẹ́ ẹní. N kò mọ iṣẹ́ tó dára jù. Èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, kí kálukú yín mú èyí tó bá wúlò fún un níbẹ̀, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mùráínà ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá Kúdí ni gbogbo Koumassi, àdúgbò wa l'Abidjan, ń pè mí, nítorí Kúdíràtù àkọ́bí mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Abidjan ní Côte d'Ivoire ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi, láàárín àwa Yorùbá tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó. Ìyàwó mi ń ta aṣọ l'Adjamé, èmi sì ń tún tàpúrétà ṣe. Àpò irinṣẹ́ mi á wà léjìká, n ó máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn ní Plateau, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ńláńlá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn dé ọkàn. Bí akọ̀wé bá ń tẹ̀wé nínú yàrá kejì, etí mi á ti sọ lẹ́tà tó ń há fún mi kí n tó wọlé. Títí dòní, bí òórùn òróró ẹ̀rọ bá fẹ́ sí mi, Plateau ni mo máa ń rántí, àti atẹ́gùn ọ̀sà tó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ní ọdún 1999, mo dé ọ́fíìsì kan tí mo ti ń lọ tipẹ́, mo bá àwọn tàpúrétà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò wọ́n léra bí ìgànná. Akọ̀wé ibẹ̀, obìnrin kan tó máa ń pè mí ní tonton, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe àgbà ọkùnrin, kò lè wo ojú mi.

Ó ní, "Tonton, patron, ọ̀gá wa, ní kí a kó wọn kúrò. Ẹ bá wa kó wọn lọ."

Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ń tàn yanran. Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn tàpúrétà náà dé ilé, mo padà lọ gbé òmíràn. Nígbà tí ó di pé a kò rí ibi tẹ́ ẹní mọ́, ìyàwó mi dúró sí àárín yàrá, ó ní, "Bàbá Kúdí, ṣé o fẹ́ sọ ilé wa di itẹ́ òkú tàpúrétà ni? Ohun tó pa wọ́n ni kí o lọ kọ́."

Òun náà ló dárúkọ Sàfú.

Sàfúrátù jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ ìyàwó mi, obìnrin ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń ṣòwò ní Treichville. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Sàfú, ó kàwé nípa kọ̀ǹpútà dáadáa, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Koumassi, nítòsí ọjà. Ó ń bá ènìyàn tẹ̀wé, ó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Gbogbo Yorùbá tí a bá sọ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n bí òun náà bá ń sọ ọ́, á dé ìdajì ọ̀nà, á yà sínú Faransé. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Èmi ti lé ní ogójì dáadáa.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Sàfú tí wọ́n sọ lórúkọ lójú yín yìí ni yóò wá máa pàṣẹ fún yín?"

Mo ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Sàfú kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ mi, bóyá nítorí yíǹkì tó ti wọ ìdí èékánná mi. Ó ní, "D'accord, mo gbà, Bàbá. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi ni ọ̀gá o. Tí mo bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Tí a bá ti jáde síta, ẹ̀yin ni bàbá mi."

Mo ní, "Mo gbọ́, ọ̀gá."

Ìyá rẹ̀ kígbe pé "Yéè!" Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ mi ni Sàfú kọ́kọ́ bá jà. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá tàpúrétà, bó bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń gúnyán. Sàfú á ní, "Doucement, ẹ rọra, Bàbá! Doucement! Kò ṣẹ̀ yín." Lẹ́yìn ọwọ́, ó kan ojú. Ojú ló pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ lè bá mi lọ. Fáírọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ ibi tí ẹnì kan jókòó ṣe sínú kọ̀ǹpútà, tó sì lè ti inú ẹ̀rọ kan fò bọ́ sí òmíràn. Antifáírọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Èmi máa ń pè é ní ọdẹ, bí ọdẹ tí à ń háyà láti ṣọ́ àdúgbò. Wọ́n ti fún ọdẹ yìí ní àwòrán ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ olè, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo gbogbo ẹni tó ń wọlé. Bí ó bá rí ojú tó jọ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà, á pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú ń jọra. Nígbà míràn ó lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni ọdẹ ń pariwo lé lórí. Ìyẹn ni à ń pè ní ìkìlọ̀ òfo. Bí ẹ bá gba ọdẹ gbọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ti pa aláìṣẹ̀. Bí ẹ bá sì sọ pé ìkìlọ̀ òfo ni gbogbo ariwo rẹ̀, lọ́jọ́ kan olè á kó ilé yín lọ, ọdẹ á sì ti pariwo títí ohùn á fi há.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọdẹ pariwo lójú mi, àpótí pupa kan yọ sí ojú kọ̀ǹpútà gàdàgbà, pẹ̀lú ohùn bíi ti fèrè ọlọ́pàá. Mo rí ibi tí wọ́n kọ "Supprimer" sí, ìyẹn "pa á rẹ́." Mo sáré nawọ́. Sàfú ti gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi kí n tó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kà á."

"Ọ̀gá, olè ti wọlé!"

"Ẹ kà á sókè, Bàbá. Gbogbo ẹ̀."

Mo kà á. Orúkọ fáìlì náà, ibi tó wà, orúkọ olè tí ọdẹ sọ pé ó jẹ́.

"Níbo ló wà?"

"Nínú prógírámù tí oníbàárà yìí fi ń ṣírò owó."

"Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Ó ní ó tó ọdún méjì."

"Ọdún méjì, ọdẹ ń wò ó lójoojúmọ́, kò sọ nǹkan kan. Kí ló wá yí padà lónìí?"

Sàfú tọ́ka sí igun kan níbi tí a ti rí i pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọdẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwòrán tuntun. Fáìlì kò yí padà. Ojú ọdẹ ló yí padà. Síbẹ̀ Sàfú kò fò sókè pé òfo ni. Ó mú CD tí prógírámù náà bá wá láti ọwọ́ àwọn tó ṣe é, ó fi fáìlì inú rẹ̀ wé èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Wọn ò fi ohunkóhun ju ara wọn lọ. Ó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ kejì tí ọdẹ ilé iṣẹ́ míràn ń ṣọ́, ọdẹ yẹn wò ó, kò wí nǹkan kan. Ó tún ní kí a fi fáìlì náà sí àhámọ́, kí a má pa á, títí àwọn tó ni ọdẹ á fi tún àwòrán wọn ṣe. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí ọdẹ dákẹ́ fúnra rẹ̀, mo wo Sàfú bí ẹni tó rí iṣẹ́ ìyanu.

Ó ní, "Ẹ má gbà á gbọ́ o. Ẹ má sì pè é ní onírọ́. Ẹ bi í léèrè."

Ó le, ọmọ yẹn. Bí mo bá fọwọ́ kan nǹkan kí n tó kà á tán, á pa ojú kọ̀ǹpútà, á ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ láìwò ó. Bí n kò bá lè sọ ọ́, á ní kí n lọ jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Èmi bàbá ọlọ́mọ, n ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Cocody á máa kí mi pé ṣé ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí. Bí mo bá dé ilé, ìyàwó mi á wo ojú mi, á ní, "Wọ́n tún fi ọ́ jókòó lónìí." Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà náà ó máa ń dùn mí. Báyìí tí mo bá rántí rẹ̀, èmi náà á máa dá rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí dá ojú olè mọ̀. Olè fẹ́ràn láti jẹ́ orúkọ ẹni ńlá, á mú orúkọ fáìlì tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe aláìní, ṣùgbọ́n á lọ gbé ibi tí ẹni ńlá kì í gbé. Bí ẹ bá rí ọba nínú ilé ìdáná aládùúgbò, ẹ bèèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Àwọn kan á sì tún mú prógírámù kan wá tó ń já kọ́kọ́rọ́ prógírámù míràn tí wọn ò sanwó rẹ̀, ọdẹ á pariwo, wọ́n á ní, "Ìkìlọ̀ òfo ni, ọ̀rẹ́ mi ń lò ó." Sàfú á ní, "Olè tó bá yín ṣí ilẹ̀kùn ẹlòmíràn, ṣé kò mọ ọ̀nà ilẹ̀kùn tiyín ni?"

Irinṣẹ́ wa yí padà níṣojú mi. Dísíkẹ́ẹ̀tì ni a fi bẹ̀rẹ̀, pẹlẹbẹ tó máa ń ké kiri-kiri nínú ẹ̀rọ. Nígbà náà, bí ọdẹ bá fẹ́ gba àwòrán tuntun, a ó dúró de ẹni tó ń ti Paris bọ̀ kó bá wa mú CD dání. Lẹ́yìn náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì orí wáyà tẹlifóònù dé, tó máa ń hó bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn. Bó bá ti dákẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á mí kanlẹ̀, nítorí a ti wọlé nìyẹn. Nígbà tí wáyà tó yára dé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ bá mi lára mu. Ṣùgbọ́n ó mú ohun rere kan wá: a lè gbé fáìlì kan síwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo wọn wò ó. Bí ẹyọ kan péré bá pariwo, tí gbogbo ìyókù dákẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òfo. Mo ní ó ṣeé ṣe. Sàfú kò jẹ́ kí n gbàgbé pé ẹyọ ọdẹ kan lè jí nígbà tí gbogbo ìyókù ń hanrun.

Lẹ́yìn èyí ni clé dé, igi kékeré tí à ń fi kọ́rùn bíi tírà, tí à ń ki bọ ìdí kọ̀ǹpútà láti gbé fáìlì. Clé ló ba nǹkan jẹ́ jù. Ó ń ti Adjamé lọ sí Yopougon lórí ọrùn ènìyàn, fáírọ́ọ̀sì á sì máa bá a kiri.

N kò kúrò lọ́dọ̀ Sàfú lẹ́yìn tí mo mọṣẹ́. Ó ń rán mi lọ sílé oníbàárà, ó ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi bí ó bá rìnrìn àjò. Ó fẹ́ ọkọ, ó lóyún. Ọjọ́ kejì tó bímọ, òun àti ọmọ ṣì wà ní ilé ìwòsàn, ni Lámídì ayafọ́tò ké sí mi lórí fóònù.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni Lámídì. Ilé fọ́tò rẹ̀ wà ní Attécoubé, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà á máa wo ọ̀sà nísàlẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ ní òkè yẹn tí kì í ṣe òun ló yà á.

"Bàbá Kúdí, ẹ gbà mí! Ọdẹ tí ẹ fi sí kọ̀ǹpútà mi ti ya wèrè! Ó ń pe àwọn fọ́tò mi ní olè!"

Mo wọ ọkọ̀ dé Adjamé, mo gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí Attécoubé. Nígbà tí mo wọlé, ènìyàn mẹ́ta ni mo bá. Lámídì ń rìn síwá sẹ́yìn. Aládùúgbò rẹ̀ kan, ọkùnrin tó ń ta àwọn kásẹ́ẹ̀tì fíìmù, tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó mọ kọ̀ǹpútà, jókòó síwájú ẹ̀rọ. Obìnrin Jùlá kan tó ti dàgbà sì dúró tì í, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀.

"Ayi! Ayi!" ni obìnrin náà ń wí, ìyẹn "rárá" lédè wọn. "Ọmọ mi wà nínú ẹ̀!"

Mà Fántà ni obìnrin yẹn, ó ń ta ẹja gbígbẹ nísàlẹ̀ òkè. Ísíàká, ọmọkùnrin rẹ̀, ti kú kò tíì pẹ́. Òjò ti wó ara òkè lé yàrá Mà Fántà ní ọdún tó kọjá, gbogbo fọ́tò inú ilé rẹ̀ bá ẹrẹ̀ lọ. Àwòrán Ísíàká kan ṣoṣo tó kù láyé ni èyí tí Lámídì yà níbi ìgbéyàwó ọmọ náà. Àdúrà ogójì ọjọ́ ń bọ̀, ìyá fẹ́ kí wọ́n tẹ àwòrán náà ní ńlá kó lè gbé e síwájú àwọn tó ń bọ̀ wá ṣàdúrà.

Kọ̀ǹpútà méjì ni Lámídì ní. Ìgbà tí ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, ó ránṣẹ́ sí aládùúgbò náà. Ẹ̀rù ba ọkùnrin yẹn. Ó wo àpótí pupa tó ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní fáírọ́ọ̀sì ti kó gbogbo rẹ̀ tán, kí a fọ dísìkì mọ́ pátápátá, kí gbogbo ohun inú rẹ̀ parẹ́, ló kù. Lámídì ń sọ pé òfo ni, ọkùnrin náà ń sọ pé òótọ́ ni, àríyànjiyàn yìí ni wọ́n wà lórí rẹ̀ tó fi fọ kọ̀ǹpútà kìíní. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fọ èkejì ni Mà Fántà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo ní kí ọkùnrin náà dìde fún mi. Mo jókòó. Ojú kọ̀ǹpútà kún fún àwọn àpò tí Lámídì ń kó fọ́tò sí, kálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ọdẹ ń pe gbogbo wọn ní olè. Ọ̀kan ń jẹ́ "Mariage Issiaka," ìyẹn "ìgbéyàwó Ísíàká."

Lámídì ní, "Ẹ wò ó fúnra yín! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ yẹn. Ṣé Ísíàká ló wá di fáírọ́ọ̀sì?"

Ẹ̀rí tirẹ̀ le. Mo nawọ́ sí ibi tí mo ti lè sọ fún ọdẹ pé kó fi wọ́n sílẹ̀, ọwọ́ mi sì dúró fúnra rẹ̀. Mo pe Sàfú.

Ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo ní ó dà bíi pé òfo ni.

"Ẹ kà á."

"Ọ̀gá, ara rẹ kò tíì..."

"Bàbá. Ẹ kà á."

Mo kà á. Orúkọ, ibi tó wà, orúkọ olè. Mo gbọ́ tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní, "Ṣé àpò ni wọ́n lóòótọ́, àbí wọ́n kàn jọ àpò?"

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹ ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́. Àpò fọ́tò yẹ kó jẹ́ "dossier." Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni "application," ìyẹn prógírámù tó lè dìde ṣe nǹkan fúnra rẹ̀. Mo wo èkejì, bákan náà. Mo wo ìkẹta. Gbogbo wọn tóbi bákan náà gẹ́lẹ́, bí ìbẹta tí wọ́n rán aṣọ kan náà fún. Àpò ìgbéyàwó tó kún fún fọ́tò àti àpò tí kò ní ju fọ́tò páàsìpọ́ọ̀tù kan lọ, báwo ni wọ́n ṣe máa tóbi bákan náà?

"Wọn kì í ṣe àpò, ọ̀gá."

"Voilà. Ó ti kó àwọn àpò gidi pamọ́, ó wọ aṣọ wọn, ó ń jẹ́ orúkọ wọn. Ẹ má ṣí ìkankan o. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà fi ohun tó wà ní ìpamọ́ hàn."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ó tún padà sí ìpamọ́. Mo tún un ṣe, ó tún padà.

Sàfú ní, "Ó ṣì wà láàyè, òun ló ń dá a padà. Ẹ ní láti pa àwọn ayédèrú yẹn kí ẹ tó lè rí àwọn gidi."

"Pa wọ́n? Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Bàbá. Ọdẹ ń sọ òótọ́. Fọ́tò wà lábẹ́ ẹ̀."

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Mà Fántà. Ó gbọ́ mi títí, ó sì tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà, ibi tí wọ́n kọ orúkọ Ísíàká sí. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n Lámídì ti fi orúkọ náà hàn án.

"Èyí ni o fẹ́ pa?"

"Ẹni tó jí orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ pa, Mà."

"Ó dá ọ lójú?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tí ẹ bá yàn, ọjọ́ kan á wà níbẹ̀ tí ẹnì kan á bi yín ní ìbéèrè yẹn. Mo tún wo àwọn ohun tí mo ti kà lẹ́ẹ̀kan sí i, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní, "Ó dá mi lójú."

Mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó kan ti Ísíàká, tó sì parẹ́, Mà Fántà ké igbe kan tí n kò lè gbàgbé. Lámídì dì í mú. Ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Mo tún ní kó fi ohun tó wà ní ìpamọ́ hàn. Wọ́n yọ. Ojú wọn ṣì ṣú díẹ̀, bí ohun tí ènìyàn ń wò nínú kùrukùru, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dúró. Mo wo irú ohun tí wọ́n jẹ́: "dossier." Mo ṣí ti Ísíàká.

Ọkùnrin náà yọ sí wa, ó wọ agbádá funfun, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, ó ń fi nǹkan kan rẹ́rìn-ín tí kò sí nínú àwòrán. Mà Fántà sún mọ́ ọn, ó fi ìka mẹ́ta kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ala ka hinɛ a la," ló wí, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Gbogbo wa dáhùn pé àmín, àti aládùúgbò tó ń ta fíìmù.

Lámídì tẹ fọ́tò náà ní ńlá lójú wa níbẹ̀. Ìgbà tí ìyá gbé e lọ tán ni Lámídì tó jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kọ̀ǹpútà kìíní tí wọ́n ti fọ̀, orí rẹ̀ ni àwọn fọ́tò tirẹ̀ wà: ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá kí i láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń wo ọ̀sà. Mo jókòó tì í. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kọ̀ láti jáde lẹ́nu mi.

Sàfú gbé dísìkì kọ̀ǹpútà kìíní náà sórí tábìlì rẹ̀ nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa tú u wò, ọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Àwọn àjákù ló rí. Fọ́tò kan tí ìdajì òkè rẹ̀ wà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ eérú lásán. Nínú ìdajì yẹn, a rí ojú ìyá Lámídì kedere. Lámídì fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tó fọ kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Òun gba ọdẹ gbọ́ láìbèèrè, Lámídì pe ọdẹ ní onírọ́ láìbèèrè, ọ̀nà méjèèjì ì bá sì ti gbé wọn dé ibì kan náà bí kì í bá ṣe obìnrin tó mú ọwọ́ ẹlòmíràn tí kò jẹ́ kó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe iṣẹ́ náà títí di ọdún 2011. Ìjà tó tẹ̀ lé ìbò wọ ìlú. A ti ilẹ̀kùn, kálukú wà nílé rẹ̀. Nígbà tí ìbọn dákẹ́ tí a lè jáde, mo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà, tábìlì, àga, títí kan wáyà iná tí wọ́n fà yọ lára ògiri. Mo mọ̀ nígbà náà pé tèmi ti parí. Ojú mi ti ń ṣú tẹ́lẹ̀, ara ò gba ìbẹ̀rẹ̀ tuntun mọ́. Ọkọ Sàfú ti rí iṣẹ́ sí Cotonou, ó ní kí òun àti ọmọ máa bọ̀.

Ọjọ́ tí ó fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, èmi àti òun gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ bá wa dé ibẹ̀, ó jókòó sórí àpótí onígi kan ṣoṣo tó kù. Sàfú gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Bàbá, mi ò tíì ṣe libération yín." Fírídọ̀mù ló ń sọ, èyí tí ọ̀gá máa ń fún ọmọ iṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ tán. Lóòótọ́ ni. A ti jọ ń ṣiṣẹ́ débi pé ó bọ́ sọ nù lọ́kàn àwa méjèèjì.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló fẹ́ súre fún ta báyìí? Àgbà ló ń gbàdúrà lé orí ọmọdé."

Sàfú ní, "Màmá, ẹ̀yin ẹ bá mi ṣe é."

Mo ní, "Rárá. Ìyá rẹ kọ́ ló kọ́ mi níṣẹ́."

Ìyá rẹ̀ wò mí títí. Ó dìde, ó fún mi ní àpótí náà. Mo jókòó, mo ṣí fìlà, mo tẹrí ba. Mo mọ ọwọ́ Sàfú lórí mi, ó fúyẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé nǹkan á fọ́.

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jèrè ohun tí ẹ kọ́," ló wí. "Kí ojú yín má ṣú ju báyìí lọ. Ẹni tó bá gbé ìṣòro wá bá yín, kó má bá ẹ̀rù lọ́kàn yín. Kí ẹ pẹ́ fún wa. Kí..." Yorùbá rẹ̀ tán síbẹ̀. Ó bọ́ sínú Faransé, ẹkún sì ń dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.